Ọ̀rọ̀ Lórí Pípààrọ̀ Fóònù: Android àti iPhone láàárín Ọmọ Ilé àti Ọmọ Ẹ̀yìn Odi

 

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí á wá sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú àwọn àgbà kan. Wọn a ní, kí ni ó kan ẹgbẹ́ onílọsíwájú ìlú nínú irú fóònù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi sí àpò? Ìbéèrè náà dára. Ìdáhùn wa ni pé inú fóònù akọ̀wé ni ìwé ìpàdé wa wà báyìí, inú fóònù akápò ni àkọsílẹ̀ owó ìdá wà, inú fóònù ni ìyá ti ń rí ojú ọmọ tí kò wálé láti ọdún méje. Ohun tí ó bá ṣe fóònù ti ṣe ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ẹ ó rántí àbá tí ẹ̀ka wa ní Amẹ́ríkà mú wá. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tí ó wà ní ilé fi Android tí wọ́n ń lò sílẹ̀, kí wọ́n bọ́ sórí iPhone, kí ìpàdé wa sì máa wáyé lórí FaceTime. Àwọn ni yóò ra fóònù náà ránṣẹ́. Inú rere ni ó mú àbá yìí wá, ẹni tí ó bá sì fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ má tíì gbà á bí wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Ẹni tí ó bá wù láti kọjá sí òdì kejì, kí ó kọjá. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí yóò bá a lọ àti ohun tí yóò kù sẹ́yìn. Àwọn àgbà wa ní tiwọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí wọn nípò láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i.

Nítorí àwọn tí kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì, ẹ jẹ́ kí á là á díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Apple ní Amẹ́ríkà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta iPhone ní 2007. Òun nìkan ni ó ń ṣe é, òun nìkan ni ó sì ni ètò tí ń mú un ṣiṣẹ́. Android ní tirẹ̀ jẹ́ ètò tí Google ni, fóònù àkọ́kọ́ tí ó lò ó sì jáde ní 2008. Ṣùgbọ́n Google gba àwọn ẹlòmíràn láàyè láti fi ṣe fóònù tiwọn. Samsung ti ilẹ̀ Kòríà ń lò ó. Tecno, Infinix àti itel, tí wọ́n kún ọwọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú láti ọjà títí dé oko, ń lò ó pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, Transsion ti ilẹ̀ Ṣáínà, ni ó ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bá ara yín jiyàn pé Infinix ju Tecno lọ, ọmọ bàbá kan náà ni ẹ ń báà jà lé lórí.) Ní Amẹ́ríkà, iPhone ni ó ju ìdajì fóònù gbogbo lọ. Ní Nàìjíríà, Android ni ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn ń lò. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn tiwa ti bẹ̀rẹ̀: ọmọ ẹ̀yìn odi ń wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀, ọmọ ilé náà ń wo ti aládùúgbò tirẹ̀.

Kì í ṣe òní ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kiri nínú ọ̀rọ̀ fóònù. Ní August 2001 ni Econet àti MTN dé. Ní August 2003, Mike Adénúgà, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti Ìjẹ̀bú-Igbó, dá Glo sílẹ̀, ó sì ń gba owó ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ń gbà á ní ìṣẹ́jú gbáko. Ọmọ Ìjẹ̀bú mọ ìṣirò. Ọ̀pọ̀ wa ṣí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí lọ nígbà náà, nọ́ńbà rẹ̀ kò bá a lọ. Ó ní láti fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo ará àti ọ̀rẹ́, àwọn kan nínú wọn kò sì rí i gbà. Oníṣòwò ń pàdánù oníbàárà, ọmọ ń pàdánù ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó di April 2013 ni àjọ NCC jẹ́ kí á lè gbé nọ́ńbà wa láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí Glo dé kí á tó ní ẹ̀tọ́ yẹn. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí pé nọ́ńbà nìkan ni ẹ̀tọ́ náà kàn. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí ó wà nínú fóònù.

Lẹ́yìn èyí ni BlackBerry ti ilẹ̀ Kánádà gbòde. Ẹ̀yin tí ẹ ti tó ọgbọ̀n ọdún ẹ ó rántí. Nígbà kan, ọ̀dọ́ tí kò bá ní PIN tí yóò fún ẹgbẹ́ rẹ̀ dà bí ẹni tí kò ní ilé. Àwọn tí ó lo fóònù náà rò pé títí ayé ni. Ní February 2016, WhatsApp kéde pé òun yóò fi BlackBerry sílẹ̀. Ní ìparí 2017 ó ṣe bí ó ti wí. Ní 31 May 2019, wọ́n ti ìlẹ̀kùn BBM mọ́ àwọn ará ìlú lójú. Ní 4 January 2022, ilé-iṣẹ́ náà pa ètò tí àwọn fóònù rẹ̀ àtijọ́ fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì di òkúta lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣì dì wọ́n mú. Àwòrán ìgbéyàwó àti ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ bá ọ̀rẹ́ sọ, gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ àwọn tí kò tètè kó ẹrù wọn jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun kò ní ṣí lọ láéláé, kí ó ránti pé ilẹ̀ tí ó dúró lé lè ṣí lọ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ní May 2025 WhatsApp tún fi àwọn iPhone àtijọ́ kan sílẹ̀, àwọn bíi iPhone 5s àti iPhone 6. Kò sí èyí tí ó bọ́ nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ olówó gọbọi.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára ni èyí. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Tecno kékeré kan ni ìyá náà ń lò, ó sì mọ̀ ọ́n lò débi pé ó lè fi í pe ọmọ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ọmọ náà wálé fún Iléyá, ó sì mú iPhone tí ó dára wá fún wọn. Ó yọ síìmù kúrò nínú Tecno, ó fi í sínú tuntun, ó gbé Tecno fún ọmọ àbúrò rẹ̀, ẹni yẹn sì nu gbogbo inú rẹ̀ nù kí ó tó máa lò ó. Ọmọ padà sí Ìlú Ọba. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, bí ó bá pe ìyá, ìyá kò dáhùn. Etí wọn kò di o. Dídún fóònù náà ni ó ṣàjèjì sí wọn, wọ́n rò pé ti ará yàrá kejì ni. Ọmọ ti ń ronú ìrònú burúkú kí ẹnì kan tó lọ wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n kọ́ ìyá ní bí a ti ń gbé e tán, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni ohùn bàbá. Kí ọkọ wọn tó di olóògbé, orí àkéte ìwòsàn ni ó ti máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp ní alaalẹ́, ó ń kí wọn, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Ìyá a máa gbọ́ ọ kí wọ́n tó sùn. Kò sí ohùn náà nínú iPhone. Kò sí nínú Tecno mọ́. Kò sì sí ẹni tí ó fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbì kan.

Ìfẹ́ ni ọmọ yẹn fi ṣe ohun tí ó ṣe. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ wa ní ẹ̀yìn odi, tí ó ti ń ṣètò láti gbé fóònù wálé ní ọdún tí ń bọ̀, ìwọ gan-an ni a ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ìṣòro náà ti rí. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ó wà lórí Android, ọ̀dọ̀ Google ni à ń kó o pamọ́ sí. Ti iPhone ń lọ sí iCloud, tí í ṣe àká Apple. Bí o bá kàn fi síìmù sínú iPhone tí o sì ṣí WhatsApp, kò lè lọ mú ohun tí ó wà ní àká Google wá. Àwọn orúkọ gúrúùpù yóò jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá yóò ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan wà. Láti 2022 ni a ti lè kó o kọjá tààrà láti inú fóònù sí inú fóònù, nípa áàpù kan tí Apple fúnra rẹ̀ ṣe, tí ń jẹ́ Move to iOS. Nọ́ńbà kan náà ni kí ó wà lórí méjèèjì. Kí iPhone náà jẹ́ tuntun tàbí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nu inú rẹ̀ nù. Kí méjèèjì wà lórí iná. Kí wọ́n sì wà lórí Wi-Fi kan náà, tàbí kí Android gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara iPhone. Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ iná yẹn. Ní ilé tí NEPA ń mú iná lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá epo sí jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ti iPhone bọ̀ wá sí Android náà ní ọ̀nà tirẹ̀ láti 2021, okùn ni a fi ń so méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Android ni ó gbà á, pàápàá àwọn olówó pọ́ọ́kú.

Kí ni ìdí tí ìrìn kékeré yìí fi ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀? Ó yẹ kí ọmọ Ìjẹ̀bú mọ ìdí rẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Àwọn baba ńlá wa ni wọ́n jókòó sí bodè láàárín Èkó àti ìlú òkè. Ará òkè kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ tajà létí òkun, ará Èkó kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá sókè. Ọ̀dọ̀ wa ni kí méjèèjì ti bá ara wọn pàdé, kí á sì jẹ èrè tiwa. Títí di ogun Ìmàgbọ̀n ní May 1892 ni a fi ṣe é, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣí ọ̀nà náà. Bí Apple àti Google ti ń ṣe nìyẹn. Wíwọlé rọrùn, ìjáde ni ó ní owó ibodè. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ṣe òfin lé wọn lórí, ó sì ti de àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà láti March 2024 pé kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn lè kó ẹrù rẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Orúkọ tí òfin náà pè wọ́n, bí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, oníbodè ni. A kò lè bínú sí wọn jù, iṣẹ́ ìdílé wa ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n òfin Yúróòpù kò dé Ìta-Òṣùgbó. Títí tí ilẹ̀ tiwa yóò fi ṣe irú rẹ̀, ọwọ́ wa ni ẹrù wa wà.

Àwọn tí ó fẹ́ iPhone ní àwíjàre tí ó múná, a kò gbọdọ̀ ṣàì sọ ọ́. Apple a máa tọ́jú fóònù rẹ̀ pẹ́. iPhone 6s tí ó jáde ní 2015 ṣì gba ètò tuntun ní 2021. Ọ̀pọ̀ Android olówó pọ́ọ́kú ni ó jẹ́ pé bóyá ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò tún inú rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó gbàgbé ẹni tí ó rà á, bẹ́ẹ̀ sì ni owó wa ní báńkì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣòwò lórí fóònù kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo èyí. Àmọ́ Google láti October 2023 àti Samsung láti January 2024 ti ṣèlérí ọdún méje fún àwọn fóònù ńlá wọn. Àǹfààní yẹn kì í ṣe ti Apple nìkan mọ́. Ti ẹni tí ó lówó ni.

Owó náà ńkọ́? Ní June 2023 ni ìjọba jẹ́ kí náírà wá iye tirẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí 470 náírà ti kọjá 1,500 nínú ọdún 2024. iPhone 15 jáde ní September 2023 ní nǹkan bí 800 dọ́là. Lórí iye dọ́là àtijọ́, ìyẹn ì bá jẹ́ 376,000 náírà. Lórí ti 2024, ó di 1,200,000. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí ní July 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tí kò jẹun, tí kò wọkọ̀, tí kò san owó ilé, yóò fi owó tí ó ju ti oṣù mẹ́tàdínlógún lọ rà á. A sọ èyí nítorí pé bí ẹ̀bùn náà bá bọ́ lulẹ̀ tí ojú rẹ̀ fọ́, ọmọ ìgbìmọ̀ ni yóò wá owó àtúnṣe, ọmọ Amẹ́ríkà kọ́. Ojú Tecno tàbí itel kò ṣòro láti rí pààrọ̀ ní ọjà wa.

Ẹ̀bùn pàápàá ní ìdẹkùn tirẹ̀. Láti iPhone 14 ti 2022, èyí tí wọ́n bá ń tà ní Amẹ́ríkà kò ní ihò tí a ń ti síìmù bọ̀ rárá. Inú fóònù ni síìmù rẹ̀ ń gbé. MTN àti Airtel ń ṣe irú síìmù bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ìyá àgbà lè dá ṣe. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n rà ní Ìlú Ọba ṣì ní ihò náà. Àwọn fóònù kan láti Amẹ́ríkà tún wà tí ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti tì pa mọ́ ara wọn, tí kò ní gba síìmù ẹlòmíràn títí owó rẹ̀ yóò fi pé. Èyí tí ó burú jù ni ti fóònù àlòkù. Bí ọmọ bá fi iPhone tí òun fúnra rẹ̀ ti lò ránṣẹ́, tí kò yọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ kúrò, lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá nu inú rẹ̀ nù ní ilé, fóònù náà yóò ti ara rẹ̀ pa, yóò sì máa béèrè ẹni tí ó ni ín. Láti 2013 ni Apple ti ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí olè. Ó dára fún olè. Kò dára fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ní Houston tí kò lè gbé ìpè.

Ní ti èdè wa, àwọn kan ti sọ pé Android nìkan ni a fi ń kọ Yorùbá dáadáa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gboard, pátákó ìkọ̀wé ti Google, ní Yorùbá, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí iPhone pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń kọ "oko" láìfi àmì sí i, tí a kò mọ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ ni, ọkọ̀ rẹ̀ ni, tàbí oko rẹ̀, kí ó má ṣe di ẹ̀bi ru fóònù.

Ní ti FaceTime, láti 2021 ni ẹni tí ó ní Android ti lè gba ojú íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, bí ẹni tí ó ní iPhone bá fi ọ̀nà ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò lè pe ìpàdé fúnra rẹ̀. Ṣé ó wá tọ́ kí ìpàdé ìlú wà níbi tí ọmọ ẹ̀yìn odi nìkan ti lè ṣílẹ̀kùn? WhatsApp ń ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì, tilé toko ń lò ó, ó sì ti gbà wá láyè láti máa rí ojú ara wa láti 2016. Àwòrán régbérégbé wa ní Ojúde Ọba ti June 2024 yí ayé ká láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sì sí ẹni tí ó béèrè irú fóònù tí ó yà á.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ kí ìpàdé yìí fọwọ́ sí nìyí. Kí ìpàdé wa dúró lórí WhatsApp. Kí akọ̀wé àti akápò máa tẹ ìwé ìpàdé àti ìṣirò owó jáde sórí pépà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ̀dà kan wà nínú àpótí ẹgbẹ́, kí ẹ̀dà kejì wà lọ́wọ́ ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù. Kí ẹ̀ka Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, yí owó iPhone náà sí bátìrì oòrùn fún gbọ̀ngán wa, kí gbogbo ènìyàn lè máa rí iná fi sí fóònù wọn, irú èyí yòówù kí ó jẹ́.

Fún àwọn tí ọmọ wọn ti mú iPhone wá, tàbí tí yóò mú un wá, àwa olùkọ́ mélòó kan ti pinnu láti jókòó ní gbọ̀ngán yìí ní ọjọ́ kejì Ojúde Ọba, láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ẹ mú fóònù àtijọ́ wá, kí ẹ má tíì fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ẹ mú tuntun, ṣájà méjèèjì, àti síìmù. Kí ọmọ tí ó rà á bá yín wá, tàbí kí ó wà lórí ìlà, nítorí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ náà. Bí ohùn ẹnì kan bá wà nínú èyí àtijọ́ tí ẹ kò fẹ́ kí ó sọnù, ẹ sọ fún wa kí á tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìyẹn ni a ó kọ́kọ́ kó jáde.